Káàdì Ajá Dà?

Bí ajá bá gé ọmọ jẹ ládùúgbò, tí wọ́n sáré gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ lè má kan ọmọ rárá: "Ajá ta ni? Ṣé ó ti gbabẹ́rẹ́? Káàdì rẹ̀ dà?" Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń mọ̀ pé dókítà ẹranko, ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé "dókítà ajá" lásán ni, wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀mí ọmọ wọn.

Ìwé pélébé ni káàdì ọ̀hún: orúkọ ajá, ọjọ́ ìbí rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó gbà, ọjọ́ tó tún gbọ́dọ̀ padà wá, àti ìbuwọ́lù dókítà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní síríǹjì lọ́wọ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti buwọ́ lù ú. Ní Nàìjíríà, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ti gboyè ní yunifásítì, bíi ti Ìbàdàn tàbí ti iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Abẹ́òkúta, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé Veterinary Council of Nigeria. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lè ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní Vom, nítòsí Jos, ni iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ wà láti 1924, wọ́n sì ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi níbẹ̀. Láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí dé ara ajá, inú òtútù tí kò kọjá ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ta ọmọ ajá lẹ́bàá títì bá ní òun ti gún un ní gbogbo abẹ́rẹ́, ẹ bi í léèrè ibi tí kúlà rẹ̀ wà.

Dìgbòlugi ló jẹ́ kí káàdì yìí níyì tó bẹ́ẹ̀. Inú itọ́ ẹranko tó ń ṣàìsàn ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Ojú ibi tí ajá gé jẹ ló ń gbà wọlé, á sì tọ iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè gba oṣù. Àmọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó là á já. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dún, ajá ló sì ń kó o ran ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Àjọ náà ní bí 70 nínú 100 ajá ìlú kan bá gbabẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Ajá la gún lábẹ́rẹ́, èèyàn ló là.

Ohun tí à ń ṣe bí ajá bá gé èèyàn jẹ ló máa ń bí mi nínú jù. Àwọn kan á da epo sí i, àwọn kan á fi irun ajá náà dí i. Omi àti ọṣẹ ni egbò ń fẹ́: kí omi máa ṣàn lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Àṣìṣe kejì ni pé àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò á gbé igi, wọn á lu ajá pa. Ẹ̀rí ni wọ́n pa yẹn! Bó bá ṣeé ṣe láti so ajá náà mọ́lẹ̀ láìséwu, dókítà ẹranko á máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le pọ́nkán lọ́jọ́ kẹwàá, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó géni jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí dá abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ọmọ dúró o, àfi bí dókítà bá ní kó rí bẹ́ẹ̀.

Ológbò náà ní káàdì tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tilẹ̀ mú mi rántí Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ní 1968 ni wọ́n rí kòkòrò kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí dìgbòlugi lára asín níbẹ̀, orúkọ àdúgbò náà ni gbogbo ayé sì fi ń pè é dòní: Mokola. Nígbà tó yá, ó yọjú lára ológbò ní Zimbabwe àti South Africa. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kò fi bẹ́ẹ̀ ká a. Ológbò tó ń pa asín jẹ kiri, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé máa fi í ṣeré bí ìwà rẹ̀ bá ṣàdédé yí padà.

Àmọ́ ohun tó ń gbé ẹran wá sọ́dọ̀ dókítà lójoojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ dìgbòlugi. Ohun inú ilé wa ni. Hóró parasitámọ́ọ̀ kan ṣoṣo lè pa ológbò, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò mọ bó ṣe máa palẹ̀ oògùn náà mọ́. Àwọn kan ń fi otapiapia wẹ ajá nítorí eégbọn, àwọn mìíràn ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú kun awọ ara tó ń yún un. Ajá á sì fi ahọ́n lá gbogbo rẹ̀ mì. Ṣokoléètì, àlùbọ́sà àti eegun adìẹ sísè tó ń fọ́ ṣóńṣó náà ń ṣọṣẹ́.

Ní ti ọmọ ajá, àrùn paafó ni ẹ̀rù rẹ̀: èébì, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń rùn, kíkọ oúnjẹ. Àwọn àgbà ní ajá tó máa kú kì í gbọ́ òórùn ìgbẹ́, ìbéèrè dókítà kò jìnnà síyẹn, "Láti ìgbà wo ni kò ti jẹun?" Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́ta, ó ti pẹ́. Kòkòrò rẹ̀ sì lè wà nínú ilẹ̀ àgbàlá yín fún oṣù púpọ̀, nítorí náà ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó ra òmíràn rọ́pò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ọmọ ajá, ti dìgbòlugi sì máa ń wáyé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, fún ajá àti ológbò. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, tí í ṣe Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, àwọn dókítà kan ń gún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ so ṣéènì mọ́ ajá lọ́rùn, kí ẹ sì gbé ológbò sínú apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí. Èyí tí ẹ bá gbá mọ́ àyà á ti já bọ́ kí ìlà tó kàn yín.