Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Lára Ọmọ Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Kò Tó

Bí o bá gbé àwòṣe àdá lọ bá alágbẹ̀dẹ, tí iná ń jó, tí ẹwìrì ń fẹ́, tí kò sí irin nílẹ̀, kí ni bàbá fẹ́ rọ? Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lára ọ̀pọ̀ ìkókó. Àwòṣe kòkòrò àrùn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára gbé wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rọ ohun ìjà ara gbọ́dọ̀ yára di púpọ̀, wọ́n sì nílò irin láti fi ṣe é.

Ní Kwale, létí òkun ní gúúsù Kẹ́ńyà, Nicole Stoffel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì ETH Zurich tọpa ọmọ 303 láti ìgbà ìbí títí dé oṣù 18. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Ní ọ̀sẹ̀ 10, ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ju ìdajì lọ kò tó. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n ti lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Irin yìí kan náà ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá kì í pẹ́ tán, omi ọyàn kò sì ní púpọ̀. Uji tí wọ́n ń fún ọmọ níbẹ̀, ìbátan ògì tiwa, kò lè dí àlàfo náà: èròjà inú àgbàdo tó ń jẹ́ phytate máa ń di irin mú, ìfun kò ní rí i gbà. Wọ́n á ní kí ìyá fi ẹran sí i. Ta ló ń pín ẹran lọ́fẹ̀ẹ́?

Lórí káàdì, àwọn ọmọ náà ti gba abẹ́rẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní oṣù 18, àìrí ohun ìjà tó tó sí àwọn àrùn bíi dìfitéríà nínú ẹ̀jẹ̀ fi ju ìlọ́po méjì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó nígbà abẹ́rẹ́.

Wọ́n tún wo ọmọ 127 mìíràn tó ń gba ìyẹ̀fun aṣaralóore lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́rin. Irin wà nínú ti ọmọ 85, kò sí nínú ti 42. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n gba abẹ́rẹ́ èéyi, bíi tiwa ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún kan, ohun ìjà àwọn tó gba irin pọ̀ jù, ó sì mọ kòkòrò náà mú dáadáa jù.

Irin ní ewu tirẹ̀ o. Ní erékùṣù Pemba, níbi tí ibà ti gbilẹ̀ nígbà náà, ìwádìí tó jáde ní 2006 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní irin àti folic acid lójoojúmọ́ ló kú tàbí tó wọ ilé ìwòsàn jù.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má torí èyí sún ọjọ́ abẹ́rẹ́ síwájú, ẹ má sì dá oògùn ẹ̀jẹ̀ rà fún ìkókó. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò.