Linux lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀: ohun tó yẹ kí oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà Àmùkòkò mọ̀

Ẹ yà sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Àmùkòkò l'Ékòó, ì báà jẹ́ apá Mosáfẹ́jọ́ tàbí apá Òrílé, ẹ ó bá láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lórí tábìlì. Wọ́n ti lò wọ́n gbó nílùú òyìnbó kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bátìrì wọn ti kú, lẹ́tà mélòó kan ti pa rẹ́ lójú bọ́tìnnì, síbẹ̀ orí wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yẹ èsì WAEC wò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti ìwé ìpè ìnáwó.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 tó wà lórí púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá forúkọ ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ lè rí àtúnṣe ààbò gbà fún ọdún kan sí i. Windows 11 ní tirẹ̀ kì í ṣe tẹrú-tọmọ: ó ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bó bá sì jẹ́ Intel ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, ó fẹ́ ìran kẹjọ tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 2017 ni ìran kẹjọ jáde. Láptọ́ọ̀pù ọdún 2013 tí orí kò fọ́ rí á wá di aláìníbùgbé. Àwọn ẹ̀njíníà kan ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 lé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe á máa dé ibẹ̀.

Ẹrù yìí kì í sì í jìnnà sí wa kó tó wọlé. Àwọn olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn lórí àdéhùn Basel, àdéhùn àgbáyé nípa ìdọ̀tí eléwu, pẹ̀lú Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, yẹ ẹrù wò ní èbúté Àpápá àti Tin Can lọ́dún 2015 àti 2016. Wọ́n ní nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ló ń wọlé lọ́dọọdún, inú mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n sì ń kó èyí tó pọ̀ jù sí. Ó lé ní 15,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ tó ti bàjẹ́ kó tó dé. Bí a bá tún wá ń da èyí tó ń ṣiṣẹ́ nù, ààtàn wa nìkan ló máa jèrè.

Ibí yìí ni Linux ti wúlò. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, gẹ́gẹ́ bíi Windows, àmọ́ ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó tún un ṣe, kó pín in fún aládùúgbò rẹ̀. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Helsinki, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991. Ẹni tó bá ní fóònù Android ti ń lò ó láìmọ̀, nítorí orí Linux ni wọ́n kọ́ Android lé. Ti orí kọ̀ǹpútà ní oríṣiríṣi: Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ lọ́dún 2004, àti Linux Mint, tí wọ́n gbé ka orí Ubuntu. Mint ni mo máa ń yàn fún ẹni tó ti mọ́ Windows lára, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Xfce, torí kò wúwo. Ẹ̀rọ tó bá ní 4GB RAM á gbé e láìmí hẹlẹ. Bí owó kékeré bá sì wà, ẹ fi SSD pààrọ̀ hard disk àtijọ́ inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ máa ń ju ti ètò èyíkéyìí lọ.

Nàìjíríà ti bá Linux pàdé rí. Lọ́dún 2007, wọ́n ra 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré Classmate fún àwọn ilé ìwé wa, Linux tí ilé iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ṣe ló wà lórí wọn. Àfi bí ìròyìn ṣe gbòde pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́, kí wọ́n fi Windows dípò. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ó fi ìbínú béèrè ohun tó fi yí àwọn tó ra ẹ̀rọ náà lọ́kàn padà. Àjọ ìjọba tó ń sanwó 11,000 nínú wọn sì ní Mandriva làwọn fẹ́. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ẹ̀yin ẹ wá ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa tíṣà tó máa bójú tó ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tó bá kọṣẹ́. Ìtọ́jú yìí gan-an ló ju gbígbé Linux sórí ẹ̀rọ lọ.

Gbígbé e sórí ẹ̀rọ kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Ẹ kó gbogbo fáìlì yín sí ibòmíì ná, torí bí ẹ bá ní kó pa disk rẹ́, kò sí àbọ̀. Fáìlì Mint súnmọ́ 3GB, ẹ lọ gbà á níbi tí dátà ti pọ̀. Ẹ má kàn dà á sórí fláàṣì bí ẹni da orin: ẹ lo Rufus tàbí balenaEtcher láti kọ ọ́ sórí fláàṣì 8GB. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù náà, ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F12 léraléra bó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo. HP a máa gba Esc, kí ẹ tó tẹ F9. Mint á ṣí láti orí fláàṣì láì tíì fọwọ́ kan ohunkóhun lórí disk. Ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀. Ẹ dán Wi-Fi wò, ẹ dán ohùn wò, ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín tẹ ojú ìwé kan. Bí Wi-Fi bá kọ̀, ẹ fi okùn so fóònù mọ́ ọn, kí ẹ fi dátà fóònù wá ohun tó ń fẹ́ nínú Driver Manager.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé Mint sórí disk. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ alábòójútó tó bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ méjì kan wà táwọn èèyàn máa ń dà pọ̀: "sudo apt update" kàn ń lọ wo ohun tuntun tó wà lọ́jà ni, "sudo apt upgrade" ló ń rà á wálé. "Sudo" dà bíi kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá, ẹ má fi lé oníbàárà lọ́wọ́. Ẹ ṣí àkáǹtì míì tí kò ní agbára fún wọn, kí ẹ fi pásíwọ̀ọ̀dù pa tiyín mọ́. Fáírọ́ọ̀sì Windows tó wà nínú fláàṣì oníbàárà kì í sábà rí Linux gbé ṣe, ṣùgbọ́n kò kúrò nínú fláàṣì náà. Ilé ẹlòmíì ló ń lọ.

Dátà ńkọ́? Bí ẹ̀rọ mẹ́rin bá ń gba àtúnṣe kan náà, owó dátà mẹ́rin ni. Ẹ gbé apt-cacher-ng sórí ọ̀kan nínú wọn. Òun á gba àtúnṣe náà lẹ́ẹ̀kan, á sì pín in fún àwọn yòókù. Lórí àwọn yòókù, ẹ ṣe fáìlì kan sínú /etc/apt/apt.conf.d, kí ẹ kọ ìlà kan péré sí i, kí ẹ fi àdírẹ́sì ẹ̀rọ tiyín rọ́pò èyí tí mo kọ:

Acquire::http::Proxy "http://192.168.1.10:3142";

Iná ni ọ̀tá tó kù. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí NEPA mú iná lójú rẹ̀ nígbà tí àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́, lè jí pẹ̀lú ètò tó dá sáàárín méjì. Ẹ má sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀njíníà ní Ìkẹjà. Ẹ tẹ "sudo dpkg --configure -a", á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ibi tó dúró. Kí irú rẹ̀ má baà wáyé, ẹ ṣe àtúnṣe nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí iṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí Timeshift ya àwòrán ètò náà sílẹ̀ ṣáájú.

Ẹni tó ń fi CorelDRAW ya iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú kò gbọ́dọ̀ tàn ara rẹ̀: kò sí CorelDRAW fún Linux lónìí. Inkscape wà, ó sì dára, ṣùgbọ́n fáìlì oníbàárà tó wá láti CorelDRAW kì í ṣí pé pérépéré nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ fún Windows nítorí irú èyí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú Linux ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú ètò bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà, ẹ yan Nàìjíríà, ẹ ó rí Yorùbá lábẹ́ rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Ìwé ìpè ìnáwó tí ẹ máa ń tẹ "Amukoko" sí, ẹ lè wá fi àmì sí i.