Ìsákúrò ní Ìjàyè ní 1862, bí Àwọn Ará Ìbàdàn ti Rí I

Sísá tí àwọn ará Ìjàyè sá kúrò ní ìlú wọn ní oṣù kẹta ọdún 1862 kì í ṣe ohun àjèjì nínú ìtàn ìjọ wa, nítorí pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan àti aya rẹ̀ jáde ṣáájú àwọn ènìyàn náà, òmíràn sì kù sẹ́yìn tí ọwọ́ ogun fi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n láti inú odi Ìjàyè ni a ti máa ń wo ọ̀ràn yìí. Ó tọ́ kí a rékọjá sí òdì kejì, kí a dúró ní ibùdó Ìbàdàn, kí a sì wádìí ìdí rẹ̀ tí àwọn jagunjagun ibẹ̀ fi ka ọkùnrin tí kò mú ìbọn lọ́wọ́ sí ẹrú ogun.

Gbogbo wa ni a mọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìjà náà. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Àdèlú Àrẹ̀mọ rẹ̀ ni a fi jọba. Kúrunmí ti Ìjàyè, ẹni tí í ṣe Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀ láti mọ̀ ọ́n ní ọba, nítorí àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́. Síbẹ̀ ọkàn wọn kò ṣọ̀kan: Ìbíkúnlé Balógun kò fẹ́ ogun yìí ní ìbẹ̀rẹ̀, Ògúnmọ́lá ni ara rẹ̀ gbóná sí i. Ní 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá sì wá gbèjà Ìjàyè.

Níhìn-ín ni ohun kan wà tí àwọn òǹkàwé a máa gbàgbé. Láti ọjọ́ tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dìde ni ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí òkun ti dí. Ẹni tí ó dóti ìlú ẹlòmíràn, a dóti òun náà. Alùfáà David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wà ní Ìbàdàn nígbà náà. Owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn, ìwé kò wọlé déédéé, wọ́n sì ń ta ohun èlò ilé àti aṣọ wọn kí àwọn àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ lè rí jẹ. Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn náà, wà lára àwọn ọmọ ilé náà. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a bá ń ka ohun tí ó kọ nípa Ìjàyè: ní Ìbàdàn ni ó ti gbọ́ ìró ogun náà ní kékeré.

Ìjàyè kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá jí rìn lè dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ọdún méjì ni ogun náà fi gbà kí ìlú náà tó bọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé oúnjẹ ń wọlé sí i láti ìhà Òkè Ògùn. Ògúnmọ́lá rí èyí, ó sì yí ojú ogun sí ìhà ibẹ̀. Kúrunmí rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ dí i ní Ìwàwùn, ṣùgbọ́n wọ́n fọ́ Ìwàwùn, márùn-ún nínú àwọn ọmọ náà sì bá a lọ. Baba náà kò bọ́ nínú ọgbẹ́ yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1861 ó kú.

Láti ìgbà náà ebi ni ó ń bá Ìbàdàn jagun. Ebi kì í sì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn òbí mìíràn ní Ìjàyè fi ọmọ wọn gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gbá tí ó wá gbà wọ́n. Àwọn òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi, Phillips àti Stone, ṣa ọ̀pọ̀ ọmọ tí ebi ń pa jọ, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n sì kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Èyí ni ìsákúrò àkọ́kọ́, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1862 ọ̀gá kan láti inú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Abẹ́òkúta wá láti mú Alùfáà Adolphus Mann ti C.M.S. àti aya rẹ̀ lọ. Láti 1853 ni Mann ti wà ní Ìjàyè. Òun ni ó ń di ọgbẹ́ àwọn tí ìbọn bà. Edward Roper sì dúró ní ipò rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i pé òyìnbó wọn ń lọ, ọkàn wọn dà bí omi. Wọ́n ní ó mọ ohun tí ń bọ̀ ni. Kò pẹ́ tí Ẹ̀gbá fi bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù, tí Ìjàyè sì tẹ̀ lé wọn, tí Ìbàdàn fi wọ ìlú tí kò sí ẹni tí yóò dí i mọ́. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò yá ni wọ́n kó. Àwọn kan a máa di ẹ̀bi ìṣubú náà ru Mann. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀: ìlú tí a ti ń fi ọmọ gba oúnjẹ ti ṣubú kí òyìnbó tó di ẹrù.

Roper wà nínú àwọn tí a mú. Ní ojú Ìbàdàn kò sí ohun àjèjì nínú rẹ̀. Àṣà ogun nígbà náà ni pé ẹni tí a bá bá nínú ìlú tí a fọ́, ti ẹni tí ó mú un ni. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa òyìnbó Ìjàyè ni pé òun ni ó ń wo àwọn tí ń yìnbọn sí wọn sàn, kí wọ́n lè padà wá yìnbọn. Wọ́n rí òyìnbó ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti dí ọ̀nà. Ní 1861 wọ́n sì gbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó. Hinderer nìkan ni wọ́n ń pè ní tiwọn. Ìṣirò Ògúnmọ́lá le, ṣùgbọ́n ìṣirò ni. Ẹni tí ó bá kà á sí ìwà ẹranko kò tíì dúró ní ibùdó náà rí. Stone ti bọ́ sí ọwọ́ wọn ṣáájú, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Roper, inú odi ni wọ́n ti bá a. Hinderer bẹ̀bẹ̀ fún un títí, ó sì gbà á sí ilé, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó kúrò ní Ìbàdàn.

Ìṣẹ́gun náà kò ṣí ọ̀nà òkun. Ogun kàn ṣí lọ sí ilẹ̀ Rẹ́mọ ni. Ìbíkúnlé, ẹni tí kò fẹ́ ogun yìí, kú ní 1864. Ògúnmọ́lá di Baṣọ̀run, ó sì kú ní 1867. Àwọn ará Ìjàyè tí ó sá dé Abẹ́òkúta tẹ̀dó síbẹ̀, a sì ń pe àdúgbò wọn ní Àgọ́ Ìjàyè. Nílé Hinderer, Roper ń jẹ nínú ìwọ̀nba oúnjẹ tí wọ́n rí, títí di 1865 tí ọ̀nà fi là fún un láti lọ.