Kí ló yẹ kí a wò kí a tó ra fóònù fún àgbàlagbà tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí àwọn ọmọ wọn ń pè láti Èkó, Àbújá, Accra tàbí London, àìgbọ́ gan-an ló ń ba inú jẹ́. Ìpè á wọlé, "hẹlóò" á pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, nígbà tó bá sì yá, wọ́n á gbé fóònù fún ọmọdé tó wà nítòsí pé kó bá àwọn gbọ́ ọ.

Ohun tó sábà máa ń wá sí ọkàn àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n ra fóònù mìíràn tí ohùn rẹ̀ ròkè. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ariwo nìkan kọ́ ni etí àgbà nílò. Bí ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ gaara tó ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe pariwo tó lọ.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí etí àgbà?

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nínú àwọn tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tí àìgbọ́ràn wọn ti pọ̀ débi tó ń dí wọn lọ́wọ́.

Àwọn irun tín-tìn-tín kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gba ìró wọlé. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ, wọ́n ń kú, wọn kì í sì í hù padà. Àwọn tó ń gba ìró tó tín-ín-rín, tó sì ga, ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Nínú irú ìró bẹ́ẹ̀ ni ìró kọ́ńsónáǹtì bíi f, s àti t wà. Ìró fáwẹ̀lì àti ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í tètè lọ ní tiwọn.

Èyí ló fà á tí àgbàlagbà fi lè gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fáwẹ̀lì kan náà àti àmì ohùn kan náà ni "ẹ̀fọ́", "ẹ̀kọ́" àti "ẹ̀tọ́" ní. Bí kọ́ńsónáǹtì àárín bá sọnù, ọmọ lè máa sọ̀rọ̀ owó ẹ̀kọ́ kí ìyá máa dáhùn owó ẹ̀fọ́. Àwọn ará ilé á wá rò pé arán ló ń ṣe ìyá. Bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ka àìgbọ́ràn tí a kò tọ́jú mọ́ ara àwọn ohun tó lè dá kún àrùn ìgbàgbé.

Igbe kíké kì í tún un ṣe. Fáwẹ̀lì, tí àgbà ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, ni igbe ń gbé sókè jù. Kí a rọra sọ̀rọ̀, kí a sì pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan já gaara ló ń ṣiṣẹ́.

Fóònù náà ní ẹ̀bi tirẹ̀

Láàárín 300 sí 3,400 hertz ni ìlànà ìpè àtijọ́ ti ń gbé ohùn. Apá tó pọ̀ nínú ìró s àti f ga ju ìyẹn lọ, nítorí náà ohun tí etí àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ rí gbà mọ́ gan-an ni fóònù tún ń gé kúrò.

Ìpè orí 4G tí wọ́n ń pè ní VoLTE lè gbé ohùn dé nǹkan bíi 7,000 hertz, bí fóònù méjèèjì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà á. Ìpè WhatsApp náà sábà máa ń mọ́ gaara ju ìpè àtijọ́ lọ bí dátà bá dúró dáadáa, ti fídíò sì ń jẹ́ kí àgbà rí ẹnu ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, fóònù kékeré olóbọ́tìnì tó ní 4G lè wúlò fún àgbà ju èyí tí sípíkà rẹ̀ ń dún gooro lọ.

Fóònù aláìlókùn ti inú ilé ńkọ́?

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta fóònù ilé aláìlókùn tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa. Òmíràn lè fi 30 sí 50 decibel kún ohùn tó ń wọ etí. Gbogbo 10 decibel tó bá lé sí i, bí ìlọ́po méjì ni etí ń gbọ́ ọ. Èyí tó bá ní bọ́tìnì tó ń gbé ìró tín-ín-rín nìkan sókè ló dára jù.

Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni ìdí fóònù bẹ́ẹ̀ ń lò. Bí iná bá lọ, ó dákẹ́ nìyẹn, àyàfi bí ó bá ní bátìrì. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òbí tó ń gbé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń kó gbogbo fóònù ilé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí gbèdéke rẹ̀ sì jẹ́ oṣù kìíní ọdún 2027.

Ní Nàìjíríà, láti ìgbà tí GSM ti dé ní ọdún 2001 ni fóònù onílà ti ń di ohun ìgbàgbé. Fóònù orí tábìlì tó ń lo síìmù, tó sì ní bátìrì nínú, ló sún mọ́ ọn jù.

Báwo ni a ṣe lè dán an wò?

Kí àgbà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí ẹnìkan bọ́ sí ìta, kó pè é, kó sì sọ "ẹ̀kọ́, ẹ̀fọ́, ẹ̀tọ́" pẹ̀lú nọ́ńbà díẹ̀. Kí àgbà tún wọn sọ padà. "Hẹlóò" nìkan kò fi nǹkan kan hàn.

Kí a má fi bí fóònù ṣe ń dún nígbà tí ìpè bá wọlé díwọ̀n ohùn tó ń wọ etí. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Sípíkà ń jẹ́ kí etí méjèèjì gbọ́, àmọ́ aládùúgbò náà ń gbọ́, nítorí náà kò yẹ kí a pe nọ́ńbà àṣírí báńkì síbẹ̀. Fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, kí a wo páálí bóyá M3, M4, T3 tàbí T4 wà níbẹ̀. Àmì pé fóònù náà bá ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mu ni.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí àgbà kọ́kọ́ rí dókítà etí kí owó tó jáde lápò. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí tó dí etí ni gbogbo wàhálà náà, wọ́n sì lè yọ ọ́ ní ilé ìwòsàn. Kí a má fi igi olówùú rò ó, torí ṣe ló ń tì í wọlé sí i. Bí etí kan bá sì ṣàdédé dákẹ́ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, kí a gbé àgbà lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ìtọ́jú tó bá pẹ́ lè má ṣiṣẹ́ mọ́.