Ta Ni Yóò Ya Ilé Rẹ ní Ìdèrè?

Bí ọmọ Ìdèrè, ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tàbí l'Ábẹ́òkúta bá fẹ́ kọ́lé sílé, bíríkìlà ló sábà máa ń kọ́kọ́ pè, kì í ṣe ayàwòrán-ilé. Bíríkìlà á ní yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ kò le, òun ti kọ́ irú ẹ̀ rí. Ìgbà tí wọ́n bá béèrè púláànù ni wọn yóò tó sáré ra ọ̀kan. Púláànù ẹlòmíràn ni lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ni wọ́n kàn pààrọ̀.

Òfin kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ báyẹn. Ọdún 1969 ni ìjọba ológun dá ARCON sílẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán-ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà. NIA, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán fúnra wọn, ti wà láti 1960. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ARCON kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní àkítẹ́ẹ̀tì. Òfin 88 ti ọdún 1992 sì ní kí onílé gba ìwé àṣẹ kó tó kọ́lé.

Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àwòrán-ilé ní polí mọ púláànù yà. Ọwọ́ àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ dá ṣáká. Òǹtẹ̀ àkítẹ́ẹ̀tì ni wọn kò ní. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ lọ bá àkítẹ́ẹ̀tì tó ní in, tí yóò gbowó, tí yóò tẹ̀ ẹ́, tí kò sì ní fojú kan ilẹ̀ náà títí ilé yóò fi parí. Lójú tèmi, ibí gan-an ni owó onílé ti ń ṣòfò.

Ilẹ̀ Ìdèrè kì í ṣe ilẹ̀ Lẹ́kí. Ìlú olókè ni. Ibi tí àpáta bá ti sún mọ́ ojú ilẹ̀, ìpìlẹ̀ tí wọ́n yà fún ilẹ̀ rírọ̀ á sọ alágbàṣe di afọ́kùúta, ṣọ́kàwéè kò sì ní rí ibi jìn sí. Ọ̀rọ̀ omi tún wà ńbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pọnmi adágún mu, Ìdèrè wà lára ibi tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lórí sọbìà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, jẹ́rìí ní 2013 pé àrùn náà ti tán ní Nàìjíríà. Ayàwòrán tó bá mọ ìtàn yìí ni yóò ronú ọ̀nà tí omi òjò yóò gbà ti orí páànù wọ táńkì, tí yóò sì mú kànga jìnnà sí ṣọ́kàwéè kó tó wá kan ọ̀ṣọ́ fèrèsé.

Ẹnìkan lè ní ìwé ẹ̀rí kọ́ ló ń kọ́lé, kí ó tọ́ka sí Demas Nwoko. Òótọ́ ni, iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria, síbẹ̀ òun ló ya ilé ìsìn àwọn Dominican n'Ìbàdàn, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2023. Ṣùgbọ́n Nwoko a máa wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀, yẹpẹ pupa tó wà nílẹ̀ ló fi ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ẹ bi ẹni tó ń ta púláànù fún yín bóyá ó mọ àwọ̀ yẹpẹ ilẹ̀ yín.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba nọ́ńbà ARCON ayàwòrán náà kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ní kó mú yín lọ wo ilé kan tó yà tí èèyàn ti ń gbé, kí ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ níbi tí òun kò sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jọ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé yóò wá kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, yóò tún wá kí wọ́n tó da kọnkéré, àti ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀.