Ẹsẹ̀ Máṣíìnì Màmá Mi

Díẹ̀ ló kù kí onírin gbé e lọ. Ó ti sọ òṣùwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti na ìka sí abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, ó ní bí a bá lè bá òun gbé e jáde, òun á sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ máṣíìnì Singer ni, irin dúdú oníṣẹ́ ọnà tí èèyàn kan kì í gbé wọ́ọ́rọ́wọ́. Màmá mi fi ránṣọ fún ọdún mẹ́rìnlélógún kí orí rẹ̀ tó dẹnu kọlẹ̀. Láti ìgbà náà, adìyẹ ló ń sùn lórí ẹ̀.

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Àbí o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́jọ́ ogbó?"

Oṣù Kẹrin ọdún 2020 la wà yẹn. Mo kàn wá kí wọn ní Ìbàdàn fún òpin ọ̀sẹ̀ ni, kòrónà sì ká mi mọ́bẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ààrẹ kéde pé láti alẹ́ ọjọ́ kejì, kónílé ó gbélé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọ́fíìsì wa ní Èkó ti ilẹ̀kùn, ọ̀gá ní kí kálukú máa ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀. Èmi tí mo kó aṣọ méjì àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wá, orí bẹ́ẹ̀dì ló di ọ́fíìsì mi. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ọrùn mi kò yí mọ́. Ìpàdé Zoom àkọ́kọ́ tí a ṣe, mo kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Ọ̀gá ní òun ń gbọ́ ohùn mi, ṣùgbọ́n òjìji lòun ń rí.

Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni pé kòrónà ló kọ́ wa láti máa ṣiṣẹ́ nínú ilé. Irọ́ gbáà. Òfì olóròó tí àwọn ìyá wa fi ń hun kíjìpá, ara ògiri inú ilé ni wọ́n ń gbé e tì, wọ́n á máa hun ún díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ti ń rá kiri tí ọbẹ̀ sì ń hó lórí iná. Òfì àwọn ọkùnrin, èyí tí ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, ló sábà máa ń wà níta. Ìjọba òyìnbó ló wá kó iṣẹ́ kúrò nílé, tó fi ago mẹ́jọ àárọ̀ lé e lórí.

Ohun tí mo rí kọ́ lára òfì yẹn ni pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà la ń gbé iṣẹ́ sí. Kí n tó ná kọ́bọ̀, odindi ọjọ́ méjì ni mo fi gbé àga kiri ilé, tí mò ń jókòó sídìí fèrèsé kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Màmá mi rò pé nǹkan ń ṣe mí. Fèrèsé pálọ̀ kọjú sí títì, ariwo ọ̀kadà kò sì ní jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ara mi. Ti yàrá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Bó bá ti di ago mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn á wọlé wá bo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹta wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òrùlé ṣíji bò ó, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, ooru kò bá a wọlé. Fíríìjì tó ti kú tipẹ́ ló dí i. A gbé fíríìjì kúrò. Mo ra ọ̀dà funfun, mo fi kun ògiri tó jẹ́ àwọ̀ ewé ṣíṣú tẹ́lẹ̀, igun náà sì fẹ̀ lójú bí ẹni pé a wó nǹkan níbẹ̀.

Bàbá káfíńtà kan wà ní àdúgbò wa. Mo ní kí wọ́n bá mi fi ẹsẹ̀ Singer ṣe tábìlì, ìrókò ni mo sì fẹ́ fún ojú rẹ̀. Wọ́n wò mí tìtì.

"Ọmọ mi, tábìlì lo fẹ́ ni àbí pósí?"

Àwọn ló rí ilẹ̀kùn àtijọ́ kan lẹ́yìn ilé, èyí tí ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gé ibi tí ikán jẹ dànù, ó ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Wọ́n fi pákó afàrà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rà ní Bódìjà dí etí rẹ̀, wọ́n fi sáńpépà ha á, wọ́n kun fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dè é mọ́ ẹsẹ̀ Singer. Láti ilẹ̀ dé ojú tábìlì jẹ́ ínṣì 29, ó sì bá ìgúnpá mi mu wẹ́kú. Ihò tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀ bọ́ sí igun ẹ̀yìn lápá òsì. Ibẹ̀ ni gbogbo wáyà mi ń gbà sọ̀ kalẹ̀ títí dòní. Kò sẹ́ni tó pète rẹ̀. Mo gbé tábìlì náà sí ẹ̀gbẹ́ kí fèrèsé lè wà lọ́wọ́ òsì mi, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, òjìji ọwọ́ kò sì ní ṣú bo ìwé. Bí òsì ni ẹ ń lò, ẹ yí i padà.

Orí àga ni mo ti jìyà. Mo ra àga tòkunbọ̀, èyí tó ní táyà kéékèèké lẹ́sẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi jókòó lé e, ó yí i wìnrìnwìnrìn níwájú mi. Nígbà tí mo gbé e délé, bí mo bá jókòó lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá kàn rí i pé tábìlì ti ń sún mọ́ àgbọ̀n mi. Àga ń rì! Afẹ́fẹ́ tó ń gbé e dúró ti jò tán. Bàbá káfíńtà ló tún gbà mí. Wọ́n gé páìpù omi ike kan, wọ́n fi ayùn là á ní gígùn, wọ́n fi há ọ̀pá irin dídán tó wà lábẹ́ ìjókòó. Láti ọjọ́ náà, kò rì mọ́. Kò tún lè lọ sókè, ṣùgbọ́n ta ló bi í?

Kọ̀ǹpútà náà wálẹ̀ jù fún ojú mi, ó ń tẹ̀ mí lọ́rùn ba. Àpótí ìdáná màmá mi ni mo gbé e lé, mo sì ra kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú síwájú rẹ̀. Inú agolo mílíìkì ni bírò wà. Ní ti ògiri, ìdí àpótí aṣọ màmá mi ni mo ti rí adìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú rẹ̀, tí ṣíbí wà láàárín wọn. Àwọn òyìnbó kọ́ gbọ̀ngàn yẹn fún iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ṣí i ní 1929. Aládìrẹ ti ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, ó yà á sára aṣọ, ó rì í sínú aró. Ọ́fíìsì ìjọba ló wá ń ṣe ọ̀ṣọ́ fún ọ́fíìsì mi.

Gbogbo owó tó jáde lápò mi, àtàga, àtọ̀dà, àtowó iṣẹ́ káfíńtà, jẹ́ ₦31,500. Owó 2020 nìyẹn o, ẹ má fi ná ọjà òní.

Kòrónà rọlẹ̀, mo padà sí Èkó. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ààrẹ tuntun ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò lọ sí nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Owó ọkọ̀ fẹ́ẹ̀ gba owó oṣù tán. Ilé iṣẹ́ wa ní kí a máa yọjú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, mo bá kó ẹrù mi padà sí Ìbàdàn. Tábìlì mi wà níbi tí mo fi í sí. Màmá mi kàn ti to ata àti àlùbọ́sà lé e ni.

Nígbà tí bàbá káfíńtà ń ṣe tábìlì náà, wọ́n fẹ́ fi wáyà so pátákó ìtẹ̀sẹ̀ Singer mọ́lẹ̀, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá le, ẹsẹ̀ mi á máa tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀, kẹ̀kẹ́ á máa yí lófo, á máa ké. Màmá mi á pariwo láti ilé ìdáná: "Ta ló ń ránṣọ níbẹ̀ yẹn?"

Bí onírin bá dé àdúgbò yín lọ́la, ẹ kọ́kọ́ rìn dé ẹ̀yìnkùlé kí ẹ tó dá a lóhùn.