Ìwé Láti Ilẹ̀ Mìíràn: Kí Ló Dé Tí Àjàṣẹ́ Fi Jìnnà Ju Lọ́ńdọ̀nù Lọ?

Àwọn kan ti ń tẹ̀ mí láago pé, "Prof, ṣé kò sí o?" Kò sí nǹkan kan. Ilé ni mò ń tún ṣe. Ẹni tó bá ń gbé agbègbè Ajah yìí mọ ohun tí omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń ṣe fún ilé lásìkò òjò. Táìsì yàrá ìwé mi ní Badore ti gbéra nílẹ̀, ó ń dún kókó lẹ́sẹ̀ wa, ni mo bá pe ẹni tí yóò tún un lẹ̀. Kí ó tó lè ṣiṣẹ́, a ní láti kó gbogbo ìwé kúrò. Mo wá rò ó pé, níwọ̀n ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí n kò sì níbi tí mò ń sáré lọ, kí n kúkú tò wọ́n sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè orílẹ̀-èdè.

Òkìtì ti Gẹ̀ẹ́sì ga dé ìbàdí mi. Ti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e. Ti Nàìjíríà náà kò kéré. Rọ́ṣíà ní díẹ̀, Íńdíà ní díẹ̀, Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà ní tiwọn, Sẹ̀nẹ̀gàl àti Kamẹrúùnù ní mẹ́ta mẹ́ta. Ọ̀gá táìsì dúró, ó ń wò mí bí mo ṣe ń pe orúkọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ti ọ̀dọ̀ tiwa dà?"

Ọmọ Kétu ni, Kétu ti ilẹ̀ Benin. Ẹ kúkú mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń lẹ táìsì fún wa ní Lekki àti Ajah, láti Benin àti Tógò ni wọ́n ti wá. Mo fẹ́ dá a lóhùn, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé èmi fúnra mi ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Kétu nígbà kan. Mo jókòó ti àwọn àgbà ìlú náà, mò ń bi wọ́n pé kí lẹ ń pe èyí, kí lẹ ń pe tọ̀hún. Mo kó ọ̀rọ̀ wọn bọ̀, mo kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò fi ọjọ́ kan bi wọ́n pé ìwé wo ni ẹ̀yin náà ń kà, ta ló sì ń kọ ọ́.

Kí a má rò pé èmi nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2012, òǹkọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Ann Morgan wo pẹpẹ ìwé rẹ̀, ó rí i pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Ó bá pinnu pé láàárín ọdún kan, òun yóò ka ìwé kan láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Orílẹ̀-èdè 196 ló fi sórí ìwé, ó sì kà wọ́n tán. Nígbà tó kan São Tomé àti Príncipe, kò rí ìwé kankan tí wọ́n ti túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló pín ìwé kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Potogí kí ó lè rí i kà. São Tomé kì í ṣe òpin ayé o. Ẹni tó bá dúró sí etíkun Lekki, tó kọjú sí gúúsù, tó wá yíjú díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ìhà ibẹ̀ ló ń wò. Omi kan náà ló ń lu ilẹ̀ wọn àti tiwa.

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ìwé nìyẹn. Ìwé kì í dédé dé ọwọ́ ẹni. Àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí a ń bá dúnàádúrà nígbà tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ bá dá wa dúró, ìwé òkìrìkà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ará Amẹ́ríkà àti ará Gẹ̀ẹ́sì kà tì ni. Bí a bá gbára lé ìyẹn nìkan, a jẹ́ pé àwọn ló ń yan ohun tí a óò kà fún wa láìmọ̀.

Àwa tí a kàwé ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1980 ní oríire kan, òun ni ìwé ẹlẹ́yìn aláwọ̀ ọsàn ti Heinemann, African Writers Series, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. *Things Fall Apart* ni wọ́n fi ṣíde, Achebe fúnra rẹ̀ sì ni olóòtú rẹ̀ títí di 1972. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Mongo Beti àti Ferdinand Oyono ti Kamẹrúùnù, àti Sembène Ousmane ti Sẹ̀nẹ̀gàl. Mo ka *Houseboy* tí Oyono kọ tán, mo sunkún díẹ̀, kí n tó ṣàkíyèsí pé èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́ ní 1956, àti pé ẹnì kan tó ń jẹ́ John Reed ló túmọ̀ ohun tí mo kà. N kò tilẹ̀ wo orúkọ rẹ̀. *So Long a Letter* tí Mariama Bâ kọ náà, tó gba ẹ̀bùn Noma àkọ́kọ́ ní 1980, Modupé Bodé-Thomas ló túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Mélòó nínú yín tí ẹ fi ìwé yẹn ṣe ìdánwò ló rántí orúkọ yẹn? Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé dà bí ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn sọdá ọ̀sà. Bí a bá ti gúnlẹ̀, a kì í bojú wẹ̀yìn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí ìwé wọ̀nyẹn gbà. Láti Áfíríkà lọ sí Paris, láti Paris lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Ìbàdàn. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ lọ láti Ajah sí Ṣàngótẹ̀dó, tó wá gba Ìbàdàn lọ. Àwọn tí ọkọ̀ Paris kò bá sì gbé, tàbí tí Lọ́ńdọ̀nù kò bá pè, ọ̀nà ni wọ́n kú sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọdún méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn *Akéde Èkó*. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé òun ni ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere àkọ́kọ́ ní èdè wa. Ní 1929 yẹn kan náà, Félix Couchoro, tí wọ́n bí sí Ouidah, gbé *L'Esclave* jáde ní èdè Faransé. Ní 1938, CMS tẹ *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti Fágúnwà jáde ní Èkó. Ní 1938 yẹn náà, ìwé *Doguicimi* jáde ní Paris. Paul Hazoumé ló kọ ọ́, ọmọ Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Láti Èkó sí Àjàṣẹ́ kò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà bí ẹyẹ bá fò ó. Síbẹ̀, ọdún 1990 ni *Doguicimi* tó dé èdè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Richard Bjornson túmọ̀ rẹ̀. Ọdún méjìléláàádọ́ta gbáko! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí ìwé náà jáde ti lè ní ọmọ-ọmọ.

Ní tèmi, ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Dàhòmì tí mo mọ̀ ní kékeré, ogun ni. Ìyá mi àgbà máa ń fi wọ́n dẹ́rù ba ọmọ tí kò bá fẹ́ sùn. Ọba Gezo ló kó ogun wá bá Abẹ́òkúta ní 1851, àwọn jagunjagun obìnrin sì wà nínú ogun náà. Lábẹ́ Glele ni wọ́n tún padà wá ní 1864. Àwa la borí lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìyẹn ló sì jẹ́ kó rọrùn láti máa sọ ìtàn náà. Wàyí o, ààfin Gezo yìí kan náà ni *Doguicimi* ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún wa. Doguicimi ni aya Toffa, ọmọ ọba kan tí ọ̀tá mú lẹ́rú lójú ogun, ìṣòtítọ́ obìnrin náà sí ọkọ rẹ̀ ni ìtàn rọ̀ mọ́. N kò ní sọ bó ṣe parí. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé ojú ewé pọ̀ níbẹ̀ tí mo ti gbé ìwé náà sílẹ̀, tí mo ní, "Àṣé àwọn náà ń bẹ̀rù." Ọmọ àádọ́rin ọdún ó lé ni mí kí n tó mọ ìyẹn, nípa àwọn aládùúgbò mi.

Àwọn tó wà láyé báyìí náà ń bẹ. Florent Couao-Zotti, Pobẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1964, nílẹ̀ Yorùbá ti ìhà Benin níbẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìwé rẹ̀ kan gba ẹ̀bùn Ahmadou Kourouma ní 2010. Àkọlé rẹ̀ ní èdè Faransé ni *Si la cour du mouton est sale, ce n'est pas au porc de le dire*: bí àgbàlá àgùntàn bá dọ̀tí, ẹnu ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ni a ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ẹ tún un kà. Ta ni yóò sọ fún mi pé èdè Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ro irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìwé ọ̀daràn àti ọlọ́pàá ni o, kì í ṣe ìwé òwe, ẹ má jẹ́ kí àkọlé tàn yín.

Ní ti Tógò, ẹyọ kan péré ni n óò dárúkọ nítorí òun ló jẹ́ kí n pẹ́ sùn lóṣù tó kọjá. Tété-Michel Kpomassie, tí wọ́n bí ní 1941, gun igi àgbọn ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó bá ejò pàdé lókè, ó já bọ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ abọ̀rìṣà erè nínú igbó, ẹni tó tọ́jú rẹ̀ sì ní kí ó padà wá di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn. Nígbà tí ara rẹ̀ ń yá, ó rí ìwé kan nípa ilẹ̀ Greenland rà ní Lomé. Ilẹ̀ yìnyín! Ilẹ̀ tí kò ní igi, tí kò sì lè ní ejò! Ó sá nílé. Ó ń ṣiṣẹ́ láti ìlú kan dé òmíràn, ó gba Gánà, ó gba Sẹ̀nẹ̀gàl, ó gba Yúróòpù, ó sì dé Greenland ní 1965. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1981, ó sì di *An African in Greenland* ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1983. A ti mọ́ àwọn òyìnbó tó wá wò wá tí wọ́n lọ kọ ìwé. Èyí ni ọmọ eléwé àgbọn tó lọ wo àwọn ará yìnyín, tó ń jẹ oúnjẹ wọn, tó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ láìfi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ óò wá bi mí pé, èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ìwé ilẹ̀ wo ni a lè fi kà? Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi ti mọ ohun tí n óò sọ. David Hinderer, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó gbé ní Ìbàdàn, túmọ̀ ìwé John Bunyan sí *Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́* láàárín ọdún 1860 sí 1870. Bíbélì odindi jáde ní 1884. Àwọn onímọ̀ ti ń tọ́ka sí ipa Bunyan lára ìrìn-àjò àwọn ọdẹ Fágúnwà láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwé àjèjì tí wọ́n túmọ̀ dáadáa ló bá wa bí ìwé tiwa, Soyinka sì túmọ̀ ìyẹn sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968 kí àwọn mìíràn lè rí i kà. Nígbà tó dé orí irúnmalẹ̀, kò pè wọ́n ní ọlọ́run, kò sì pè wọ́n ní èṣù. Ó kọ *daemon*, ó fi *a* ṣáájú *e*. Mo ti lo odindi wákàtí kan lórí lẹ́tà kan yẹn nínú kíláàsì rí, ẹ ò gbàgbé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ wa rọ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ eré Soyinka sí *Ikú Olókùn Ẹṣin*, Wálé Ògúnyẹmí náà sọ ìwé Achebe di *Ìgbésí Ayé Okonkwo*. Iṣẹ́ ribiribi ni méjèèjì, ṣùgbọ́n Nàìjíríà sí Nàìjíríà ṣì ni. Kò yẹ kó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé Àjàṣẹ́ ní èdè tí Àjàṣẹ́ gbọ́ yóò kọ́kọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ ka èdè Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá ní yunifásítì, mo mọ ibi tí púpọ̀ yín wà. Àwọn mìíràn wà ní báńkì ní Lekki Phase 1 níbẹ̀ yẹn. Ojú ìwé kan lọ́sẹ̀ kò lè pa yín lára.

Ẹ̀yin tó kù, bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé oríṣiríṣi ilẹ̀, ẹ má wulẹ̀ fi iye orílẹ̀-èdè ṣe ìdíje. Mo rí àwọn tó ń kà á bí ẹni ń ka òǹtẹ̀ inú ìwé ìrìnnà. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, kí ẹ wo èdè tí wọ́n fi kọ ìwé náà, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀, àti ọdún tó gbà á. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa lọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí òkèèrè: Benin, Tógò, Gánà, Nìjẹ̀, Kamẹrúùnù. Fún ẹni tó bá gbọ́ Faransé díẹ̀, Alliance Française wà ní Ìkòyí, kò jìnnà bí afárá kò bá há.

Ọ̀gá táìsì parí iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrin. Mo na *Ògbójú Ọdẹ* sí i pé kó ka díẹ̀ fún mi gbọ́. Ó wò ó títí. Álífábẹ́ẹ̀tì tí ìjọba wọn là kalẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ Benin ní 1975 ni òun mọ̀. Ohun tí àwa ń kọ ní *ọpẹ́*, *ɔkpɛ́* ni tiwọn. *Ẹṣin* wa, *ɛshin* ni. Ó ní, "Bàbá, ta ló yọ k lára p yín?" Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn míṣọ́nnárì rí i pé a kò ní p lásán bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní p nìkan tó, àti pé ọdún 1875 ni wọ́n ṣe ìpàdé àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé ṣáájú tiwọn. Ó mi orí, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ ọ. Ojú ewé àkọ́kọ́, ó ń kọsẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹta, ó ti ń rẹ́rìn-ín sínú ìwé, kò rántí pé mo wà níbẹ̀ mọ́.

Ó ní kí n yá òun. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì tíì béèrè é.